Gbèsè Ẹyẹ Swift

Ẹ tẹ swift sínú Google, kí ẹ wo ẹni tó máa kọ́kọ́ yọjú. Bí kì í bá ṣe Taylor Swift, á yà mí lẹ́nu. Ẹ wá ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó bá àjọ tí àwọn báńkì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ẹ ó bá èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone, ẹ ó bá ọkọ̀ Suzuki. Kí ẹ tó kan ẹyẹ, ìka á ti máa ro yín. Èrò ọkàn mi ni pé ìrẹ́jẹ ni. Nínú gbogbo ohun tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹyẹ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ orúkọ náà tọ̀sán-tòru, òun náà sì ni nǹkan ò ṣẹnuure fún.

Ká sòótọ́ ṣá o, ẹyẹ kọ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ohun tó bá yára ní swift. Ìgbà tó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tó wá fi pe ẹyẹ. Ẹ lè ní yíyá ni ẹyẹ náà yá orúkọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ti san án, tòun tèlé.

Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ní Yúróòpù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apus apus. Ó dúdú, apá rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bíi dòjé. Inú èdè Gíríìkì ni Apus ti wá, "aláìlẹ́sẹ̀" ló sì túmọ̀ sí. Ó lẹ́sẹ̀ o, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kúrú débi pé ara ògiri ló ń fi dì mọ́. Kò ṣeé fi rìn nílẹ̀. Kí ló tilẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe? Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Lund ní Swídìn, tí Anders Hedenström ṣáájú wọn, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn swift tí wọ́n so ẹ̀rọ bíńtín mọ́ lẹ́yìn. Àwọn kan nínú wọn lo oṣù mẹ́wàá lófurufú láìbà rárá. Wọ́n kúrò ní Swídìn, wọ́n la Sàhárà kọjá, wọ́n lo ìgbà òtútù Yúróòpù lójú ọ̀run Áfíríkà, wọ́n tún padà sílé, ilẹ̀ ò mọ ẹsẹ̀ wọn. Òkè ni wọ́n ti ń jẹ kòkòrò. Òkè ni akọ ti ń gun abo. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọ́n á rẹlẹ̀ sórí odò, wọ́n á fi ẹnu bu omi díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Oorun pàápàá, òkè ni wọ́n ti ń sùn ún.

Àwọn ará Lund yìí kan náà ti wọn eré wọn lọ́dún 2010, ó tó kìlómítà 111 ní wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, àṣá ńkọ́? Òótọ́ ni, àṣá tí wọ́n ń pè ní peregrine máa ń sáré kọjá kìlómítà 300, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń já bọ̀ látòkè ni. Ohun tí ilẹ̀ ń fà, kí ni ó wá fi ń yangàn? Apá ara rẹ̀ ni swift fi ń sáré tirẹ̀, láìsí pé ó ń já bọ̀.

Àwa náà ò ṣe dáadáa fún un tó. Bí a bá rí i, alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é, torí pé àwọn méjèèjì jọ ń lé kòkòrò lójú ọ̀run. Wọn kì í ṣe ẹbí. Ọ̀kan nínú ẹbí swift tó sún mọ́ ọn ni hummingbird, ẹyẹ kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ mu omi òdòdó. Ẹ fẹ́ dá wọn mọ̀? Ẹ wo wáyà iná. Alápàńdẹ̀dẹ̀ máa ń tò síbẹ̀ dáadáa. Swift kì í bà lé wáyà.

Ó kan àwọn tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ bàbá wọn. N kò bá wọn jà. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lè sáré ni wọ́n ń fi swift pè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá di orúkọ ìdílé, àwọn ọmọ sì ń jogún rẹ̀, yálà wọ́n lè sáré tàbí wọn ò lè sáré. Jonathan Swift, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Dublin lọ́dún 1667, gbé ìwé ìrìn-àjò alárà kan jáde lọ́dún 1726, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní òṣùpá méjì. Kò sí ẹni tó tíì rí òṣùpá kankan níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1877 ni Asaph Hall, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, tó rí wọn, méjì géérégé. Lónìí, kòtò kan wà lórí Deimos, ọ̀kan nínú òṣùpá méjèèjì, Swift ni wọ́n sọ ọ́.

Ọmọ ìdílé mìíràn ni Lewis Swift. Òun àti Horace Tuttle ni wọ́n rí ìràwọ̀ onírù kan lọ́dún 1862 tí wọ́n fi ń pè é ní Swift–Tuttle. Nǹkan bí ọdún 133 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín: ẹni ń jẹ́ Swift, ó ń fi ọdún 133 rìn! Àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ ló ń jó lójú ọ̀run ní oṣù August lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní Perseids, eré kìlómítà 59 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì ni wọ́n ń bá wọlé. Mo pa ẹnu mi dé.

Èyí tí mo fẹ́ bá fà á gan-an ni SWIFT àwọn báńkì. Brussels ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, báńkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 ló sì para pọ̀ ṣe é, torí pé tẹlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń falẹ̀, àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1977 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lónìí, báńkì àti ilé-iṣẹ́ owó tó lé ní 11,000 ló wà lórí rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 200. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Society for Worldwide Interbank Financial Telecommunication. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní tèmi o, ẹni tó to ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn jọ ti mọ lẹ́tà tó fẹ́ kó yọ jáde kó tó jókòó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé owó kì í gba inú SWIFT kọjá. Ìwé ló ń gbà á kọjá. Báńkì tó wà níhìn-ín á kọ̀wé sí èyí tó wà lọ́hùn-ún pé: yọ iye báyìí nínú àkáǹtì tí mo ní lọ́dọ̀ rẹ, kó o fún lágbájá. Ìwé yẹn kì í pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀tọ́ ẹni ni ká fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí àwọn báńkì méjèèjì ò bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á wá ẹ̀kẹta tó mọ àwọn méjèèjì, nígbà mìíràn ẹ̀kẹrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á yẹ ìwé náà wò, á wò ó bóyá orúkọ inú rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba fòfin dè, á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, bí Sátidé bá sì bá a lójú ọ̀nà, á di Mọ́ńdè. Ìwọ tó o ń retí owó, wọ́n á ní ó ti wọ SWIFT. Ó ti wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó tilẹ̀ ti jáde.

Síbẹ̀, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Àwọn báńkì Íránì tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2012, àti àwọn ti Rọ́ṣíà tí wọ́n yọ lọ́dún 2022 lẹ́yìn tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ní February 2016 ẹ̀wẹ̀, àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì àpapọ̀ Bangladẹ́ṣì, wọ́n fi SWIFT kọ̀wé sí báńkì tó ń bá a tọ́jú owó ní New York pé kí wọ́n san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Mílíọ̀nù 81 gba ọ̀nà Filipínì lọ. Mílíọ̀nù 20 tó ń lọ sí Srí Láńkà ò ríbi gbà, torí pé wọ́n ṣi lẹ́tà kọ nínú orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á, báńkì kan láàárín ọ̀nà sì fura. Ẹ rí i pé àwọn báńkì alárinà tí mò ń bú láti ẹ̀ẹ̀kan ló gba owó yẹn sílẹ̀. Ìyẹn náà ò ní kí n yí ọkàn padà.

Àwọn yòókù ò gba àkókò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà ní Àríwá Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ swift fox, àfòpiná kan wà tó ń jẹ́ ẹ, kódà igi tí àwọn ahunṣọ fi ń tú òwú, swift ni. Apple gbé èdè tirẹ̀ jáde ní June 2014. Chris Lattner, òṣìṣẹ́ Apple nígbà náà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2010, èdè náà sì ti gba ipò Objective-C, èdè tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù. Àwòrán ẹyẹ tó ń fò ni àmì rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹyọ kan ló wù mí dénú: awò ojú ọ̀run tó ń jẹ́ Swift, tí NASA jù sókè ní ọjọ́ 20, November 2004. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣọ́ ìbúgbàù kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn réré, gamma-ray burst, tí òmíràn kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó kú. Bó bá ti kófìrí ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á yíjú sí i láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, láìdúró gbàṣẹ láti ayé. Lọ́dún 2018, wọ́n fi orúkọ olórí iṣẹ́ náà tó ti kú, Neil Gehrels, kún orúkọ rẹ̀. Swift tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe àkójọ lẹ́tà. NASA tó fẹ́ràn àkójọ lẹ́tà tó bẹ́ẹ̀! Wọ́n ní orúkọ ẹyẹ ni, nítorí bó ṣe ń yí bírí.

Ẹyẹ náà wá ńkọ́? Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Bìrìtéènì kọ swift mọ́ àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn burú jù, ìyẹn Red List. Kòkòrò ń dín kù. Ihò abẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ tí wọ́n ń yé sí, àwọn onílé ń dí i pa nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe. Swift kì í sì í fẹ́ kúrò níbi tó bá ti yé sí. Lọ́dọọdún, ihò kan náà ló ń padà sí. Á fò láti Áfíríkà, á dé, á bá símẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ti ṣe bíríkì oníhò tí wọ́n ń mọ mọ́ ara ògiri fún un. Kì í ṣe nǹkan ńlá.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń dájọ́, gbogbo ohun tó ń pawó pẹ̀lú orúkọ yìí ni yóò ra bíríkì. Taylor Swift yege, bàbá rẹ̀ ló fún un. Suzuki á san ìdajì, nítorí wọ́n lè ní ìyára làwọn ní lọ́kàn, kì í ṣe ẹyẹ. Apple á san gbogbo rẹ̀: wọ́n ti ya àwòrán onígbèsè wọn sára ọjà, wọn ò lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. SWIFT náà á san. Tiwọn nìkan ni mi ò ní retí kí Mọ́ńdè tó dé.