Kí Ọkọ̀ Tó Ṣí ní Èbúté

Àkúrẹ́ tí mò ń gbé jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi, mo sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Igbókòdá láìmọye ìgbà. Lójú tèmi, ìfalẹ̀ àwọn tó ń darí ọkọ̀ nígbà ewu ló ń pa èrò lóde òní ju àìtó ọkọ̀ ìgbàlà lọ.

Nígbà tí Titanic rì ní 1912, ó ju 2,200 ènìyàn lọ tó wà nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìgbàlà rẹ̀ kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Òfin ti tún ìyẹn ṣe. Ti Costa Concordia, tó gbá àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì ní 2012, yàtọ̀: ọkọ̀ ìgbàlà wà, ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí kan kí àṣẹ tó jáde pé kí èrò kúrò, ọkọ̀ sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan débi pé àwọn kan nínú ọkọ̀ ìgbàlà náà kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ènìyàn 32 ló kú. Ti ọkọ̀ Sewol tó rì ní Kòríà Gúúsù ní 2014 ló dùn mí jù: wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sí ààyè wọn, wọ́n gbọ́ràn, ènìyàn 304 sì bá omi lọ.

Àwọn tó ń yàwòrán ọkọ̀ ńlá ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí èrò yóò ṣe gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn kọjá, ibi tí wọn yóò ti há, àti bí àgbàlagbà yóò ṣe falẹ̀ ju ọ̀dọ́ lọ. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí agogo ìdágìrì bá dún ni ìṣirò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò ka àkókò tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ń rò ó bóyá kí òun lù ú. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ òfin àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, pé kí èrò tuntun ṣe ìdánrawò ohun tí wọn yóò ṣe nígbà ewu kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí gẹ́rẹ́ tó bá ti ṣí, dípò láàárín wákàtí 24 tí òfin fàyè gbà tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ tiwa kéré, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ lè ka èrò, kí ó sì rí i pé oníkálùkù wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà kan tí mo béèrè ohun tí a ó ṣe bí omi bá ru, ìyá àgbà tó jókòó tì mí ló dáhùn kí awakọ̀ tó lanu: “Ọmọ mi, má fẹnu ara rẹ pè é.” Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì tan ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ ìjókòó ni àwọn ẹ̀wù náà wà, wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀.