Èsì wa sí oníbàárà tó fún àwòrán jagunjagun wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, oníbàárà wa, ẹ sì ṣé tẹ́ ẹ ra àwòrán jagunjagun wa tó wà fún géèmù. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ látòkè délẹ̀, ẹ̀sùn ńlá méjì ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ sọ aṣọ pupa jagunjagun náà di àwọ̀ ewé nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, àmọ́ àwọn àmì pupa kéékèèké ṣẹ́ kù létí aṣọ, ojú aṣọ rí pẹlẹbẹ, bẹ́líìtì pàápàá sì di àwọ̀ ewé. Ẹ tún ní àwòrán kan ṣoṣo la pè ní jagunjagun mẹ́fà, pé “wọ́n kàn pa á láró lásán ni.” Gbangba níbí ni màá ti fèsì, torí àwọn míì tó fẹ́ rà á náà yóò kà á.

Ìlà kan tẹ́ ẹ kọ ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́: “Àwọ̀ ewé tí mo yàn ò jáde, àwọ̀ mìíràn ló ń gbé wá, ni mo bá sọ ọ́ di RGB.” PNG oní-palette ni fáìlì tẹ́ ẹ rà, ìyẹn fáìlì àwòrán tó ní àkójọ àwọ̀ tirẹ̀ nínú. Àwọ̀ 16 péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹ̀yìn tó ṣófo. Pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ò gbé àwọ̀ dání fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ló gbé dání. Palette ló ń sọ àwọ̀ tí nọ́ńbà náà jẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ wá mú àwọ̀ ewé tí kò sí nínú 16 yẹn, GIMP wá èyí tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀, ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Fáìlì ò bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ di RGB báyìí, níbi tí pixel kọ̀ọ̀kan ti ń gbé àwọ̀ tirẹ̀ dání, nọ́ńbà ti lọ nìyẹn. Ẹ mú Select by Color, irinṣẹ́ tó ń yan ibi tí àwọ̀ ti jọra, ẹ ní ẹ gbé Threshold, ìwọ̀n bí àwọ̀ ṣe lè yàtọ̀ síra tó, sókè títí ó fi kó gbogbo pupa. Pupa mẹ́ta ló wà lára aṣọ yẹn: èyí tó tàn, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó ṣókùnkùn níbi tí aṣọ ti ká. Tí Threshold bá ti ga, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀, awọ bẹ́líìtì tó pọ́n díẹ̀ náà sì bá wọn lọ. Ẹ wá da àwọ̀ ewé kan ṣoṣo lé gbogbo wọn lórí. Àwọn àmì pupa etí aṣọ ní tiwọn, Antialiasing ló fà á. Ìdajì ló máa ń mú pixel tó bá wà létí, kí etí fọ́tò lè jọ̀lọ̀. Fọ́tò lèyí dáa fún. Àwòrán tí gíga rẹ̀ ò ju pixel 32 lọ, tí pixel kan bá lábàwọ́n nínú rẹ̀, gbogbo ayé á rí i.

Ẹ tún fáìlì ṣí láti inú ohun tẹ́ ẹ rà, ẹ má fọwọ́ kan Mode, ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ di RGB, rárá. Ẹ lọ sí Windows, lẹ́yìn náà Dockable Dialogs, kẹ́ ẹ mú Colormap. Àwọ̀ 16 náà á tò síwájú yín. Ẹ tẹ pupa àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fún un ní àwọ̀ ewé tó wù yín. Gbogbo ibi tí pupa yẹn wà lára jagunjagun á yí padà lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ yan ibì kankan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì tó kù. Bẹ́líìtì ò ní mira. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, PNG ni o; JPEG ò mọ ẹ̀yìn tó ṣófo, ó sì máa ń da àwọ̀ tẹ́nì kan ò bẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́.

Ìdí tí bẹ́líìtì ò fi ní mira ni pé a dìídì fún bẹ́líìtì, ètè àti irun ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ wo géèmù Super Mario Bros. ọdún 1985 lórí NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo. Palette sprite (àwòrán ẹ̀dá inú géèmù) kan lórí ẹ̀rọ yẹn ò gbà ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, yàtọ̀ sí ibi tó ṣófo, torí náà irun Mario, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ jọ ń lo àwọ̀ kan. Wọn ò tún ẹlòmíràn yà fún Luigi, ìkejì Mario, palette ni wọ́n pààrọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì di àwọ̀ ewé, irun orí náà bá a lọ! Ìkùukùu àti igbó kékeré inú géèmù yẹn náà, àwòrán kan náà ni: funfun lókè, ewé nílẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì wá ńkọ́? Ìlà àkọ́kọ́ lójú ewé ọjà wa sọ ọ́ pé “àwòrán 1, ìṣètò àwọ̀ 6.” A ò fi pamọ́. Scorpion, Sub-Zero àti Reptile nínú géèmù ìjà Mortal Kombat ọdún 1992, òṣèré kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọ̀ aṣọ ni wọ́n yí.

“Lásán” yẹn gan-an ni mi ò gbà. Ẹ mú Hue-Saturation, irinṣẹ́ GIMP tó ń yí gbogbo àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fi fa pupa lọ sí yẹ́lò, kẹ́ ẹ wá wo òjìji aṣọ náà. Á dọ̀tí, á máa fà sí àwọ̀ ewé, torí bí yẹ́lò ṣe máa ń rí lójú nìyẹn tó bá ṣókùnkùn. Jagunjagun aláṣọ yẹ́lò tiwa, àwọ̀ ọsàn la fi ṣe òjìji rẹ̀, ká tó wọ àwọ̀ ilẹ̀. Ti aláṣọ búlúù, àwọ̀ àlùkò ni òjìji rẹ̀ fà sí. Aṣọ dúdú ló fún wa níṣẹ́ jù, torí tó bá dúdú tán, ìlà tó yí jagunjagun ká á rì sínú aṣọ, apá àti ìhà á wá lẹ̀ pọ̀. Búlúù díẹ̀ la fi gbé aṣọ náà kúrò lára ìlà. Kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ èmi ò kì í fi Hue-Saturation ṣe irú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó yá tó.

Ẹ tún mẹ́nu bà á pé àwòrán náà ń rí bàìbàì nínú Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù: ẹ gbé Default Texture Filter sí Nearest nínú Project Settings.

Mi ò ní kẹ́ ẹ yí ìràwọ̀ yín padà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Mi ò sì ní dá owó padà lórí ẹ̀sùn kejì, torí ohun tá a kọ lẹ gbà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ ń wá wà nínú ohun tẹ́ ẹ rà tẹ́lẹ̀: ẹ ṣí fódà palette, ẹ ó rí ewe.gpl, fáìlì àkójọ àwọ̀ ewé, níbẹ̀. Ẹ fi sínú GIMP, kẹ́ ẹ lọ sí Colors, Map, Set Colormap, kẹ́ ẹ mú un. Tó bá kọ̀, ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín, kí Colormap hàn níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àpótí wa.