Bí Ará Ilé Ẹni Bá Ń Jẹ Kòkòrò

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òun ló jẹ kòkòrò, àwa tí a kò tọ́ ọ wò la kò rí oorun sùn.

Ilé àpatì kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Igbó ti bo fèrèsé rẹ̀, àgbá onírin kan sì wà lẹ́yìnkùlé tí òjò ti kún dẹ́nu. Mo na ọrùn wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan: tanwíjí ń jó nínú omi, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé tí mo ti fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹ bá mi ka iye ìran ẹ̀fọn tó ti ibẹ̀ jáde.

Mo kọ́kọ́ wá àwọn onílé kàn. Ilé ogún ni. Ẹ̀gbọ́n ní ti àbúrò ni, àbúrò ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn ló ni ilé, kò sẹ́ni tó ni igbó. Ni mo bá sọ fún wọlé-wọlé nígbà tí a pàdé níbi ìgbéyàwó kan. Ó ní òun ti gbọ́.

Ohun tó ń ṣe ìlú kékeré nìyẹn. A mọ ara wa jù, ẹnu la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹjọ́ tí a sọ lójú agbo kò ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà, kò sí fáìlì tí wọ́n máa bá a. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò le: kí wọlé-wọlé wá fojú rí i, kó ya fọ́tò, kó fún onílé ní ìwé tó sọ ohun tó máa tún ṣe àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò ṣe é, kí ìjọba rán òṣìṣẹ́ lọ, kí wọ́n gbówó rẹ̀ lé onílé lórí.

Ẹ ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ta ló wá pe ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù? Torí kí ọ̀rọ̀ má baà débẹ̀ gan-an ni ìwé wọlé-wọlé ṣe wà.

Àwọn kan á tún ní, “Mo ti wà níbí kó o tó dé.” Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan tó ń ṣe àdídùn tà ti ń lo odó ńlá fún ohun tó lé ní ọdún 20 kí dókítà tó kọ́ yàrá ìtọ́jú ti ògiri rẹ̀. Ariwo odó kò jẹ́ kí dókítà gbọ́ àyà aláìsàn. Lọ́dún 1879, dókítà ló jàre ní kóòtù.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ gbọ́ o. Igbó ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn ń gba ìwé kíákíá, àgbá àna yín ń gba ẹ̀rín. Ìwà ìkà ni! Ọmọdé tí ẹ̀fọn jẹ kò mọ àna ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ tèmi sínú ìwé báyìí, mo fi fọ́tò àgbá náà sí i, mo sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Ní ọjọ́ keje, màá padà wá sí ọ́fíìsì yín.