Omi òróòro kì í ṣe ìdọ̀tí lásán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé ìdọ̀tí ẹ̀dọ̀ ni omi òróòro (bile), ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Lóòótọ́, ìdọ̀tí díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo abọ́ tí a fi jẹ súyà ní Wuse: omi nìkan kò lè mú ọ̀rá rẹ̀ kúrò, àfi ọṣẹ. Iṣẹ́ ọṣẹ yẹn ni ásíìdì inú òróòro ń ṣe nínú ìfun, ó ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ kó lè dà. Cholesterol, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa ń sá fún gan-an, sì ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ásíìdì yìí! Bó bá ṣiṣẹ́ tán, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ni ìfun ń fà padà sí ẹ̀dọ̀. Fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í dà, tó wà nínú ẹ̀wà àti ọ́ọ̀tì máa ń di díẹ̀ nínú ásíìdì náà mú, á bá ìgbẹ́ lọ, ẹ̀dọ̀ á sì fa cholesterol látinú ẹ̀jẹ̀ láti ṣe òmíràn.

Wọ́n ti yọ àpò òróòro ìyá mi, a jọ ń gbé ní Kubwa. Aládùúgbò kan ní wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo mọ́ láé. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì rù gan-an. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn ṣì ń ṣe òróòro, àpò tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ni kò sí mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ epo báyìí, ó sì ń dà.