Alága Pọ̀ Nílé, Iṣẹ́ Wà Nílẹ̀

Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ tí Abẹnugan Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó àtijọ́ ká, wọ́n to tuntun, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kí ara wọn kú oríire, ilé sì túká. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìpolówó ìkíni fún àwọn alága tuntun ti kún tábìlì wa. A gbà á, a tẹ̀ ẹ́ jáde, a sì gba owó wa. Owó ìpolówó kò lè di ẹnu wa ṣá.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, a sì ti sọ ọ́ rí: ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú, àwọn tó ń yẹ ìwé owó tí ìjọba ti ná wò, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. A sọ ọ́ nígbà tí Ilé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní 2023. A tún un sọ lẹ́yìn ìgbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́, wọn ò dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá dáhùn: wọ́n gbé e fún ẹni tí òun àti gómìnà jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹni tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ owó nínú Ilé, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde gbèjà ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ oyè lásán là ń bá kiri. Inú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni iṣẹ́ aṣòfin gan-an wà. Ọ̀pá àṣẹ àti ariwo “bẹ́ẹ̀ ni” tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti ka àbádòfin lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà-ìlà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tí òfin náà máa ta bá, kó tó padà wá fún kíkà kẹta. Abala 103 ìwé òfin ọdún 1999 ló fún Ilé láṣẹ láti yan àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, òun náà ló sì sọ pé wọn ò lè fúnra wọn sọ àbá di òfin, ìmọ̀ràn ni wọ́n lè mú wá. Lójú ẹni tí kò mọ̀, agbára wọn kéré. Àmọ́ ohun tí alága bá jókòó lé, ta ló máa dìbò lórí ẹ̀? Àbádòfin tí kò bá jáde nínú yàrá yẹn ti kú, kò sì sí ẹni tó máa kéde òkú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Òfin ní iye aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Èkó ní 40. Ògùn, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, 26 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Tí Ilé ẹlẹ́ni 26 bá fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ alága, ìgbìmọ̀ 26 nìyẹn. Tí ẹni márùn-ún bá wà nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè 130 ni wọ́n máa dí, ẹnì kan á sì wà nínú ìgbìmọ̀ márùn-ún. Ilé ìwòsàn, ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀, omi, orí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ìgbà wo ni onítọ̀hún fẹ́ ka ìwé? Ìgbà wo ni yóò lọ wo iṣẹ́ tí kọmíṣánnà ní òun ti ṣe?

Ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i kò sá pa mọ́. Kò sí aṣòfin tó fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ni kò rí nǹkan kan dì mú, Abẹnugan tó bá sì fẹ́ pẹ́ lórí àga mọ̀ pé oyè alága ni òun lè fi so àwọn èèyàn òun mọ́lẹ̀. Àga náà ń yọ̀. A rí i ní Èkó ní 2025: wọ́n yọ Mudashiru Obasa ní oṣù kìíní, Mojisola Meranda gorí àga, oṣù kẹta kò tí ì rìn jìnnà tí Obasa fi padà dé. Abẹnugan tó wo ìyẹn lójú, kí ni kò ní pín?

Àwọn fúnra wọn ní bí wọ́n ṣe ń pe ìgbìmọ̀. Èyí lọ́ràá, owó ń gba ibẹ̀ kọjá; tọ̀hún gbẹ. Ìṣúná lọ́ràá, iṣẹ́ òde lọ́ràá, ìjọba ìbílẹ̀ lọ́ràá. Ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú kò yẹ kó lọ́ràá rárá, nítorí ìwé lásán ló kún ibẹ̀: ìwé owó tí wọ́n ti ná tán, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ ná. Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba kò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì?

Abala 125 ìwé òfin ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Láàárín 90 ọjọ́ tí Aṣírò-Owó Àgbà bá ti fún un ní ìwé ìṣirò ọdún, kí Olùṣàyẹ̀wò Owó Àgbà gbé àbọ̀ rẹ̀ wá síwájú Ilé, kí Ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ojúrere Abẹnugan ló bí ìgbìmọ̀ yìí, ìwé òfin ló gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò tó wà níbẹ̀. Olùṣàyẹ̀wò ní gbèdéke, ìgbìmọ̀ kò ní. Àbọ̀ lè wọlé lónìí kó sùn sórí tábìlì títí ọdún mẹ́rin Ilé yóò fi pé. Owó tí kò ní rísíìtì, iṣẹ́ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tí a ò rí lójú títì, gbogbo rẹ̀ á wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ẹni tó máa ṣí ìwé yẹn, ẹni tó máa pe akọ̀wé àgbà wá kó wá sọ ibi tí owó gbà, ni alága. Bó ti wù kí ọbẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé ṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ l'Ábùjá. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, nígbà tí APC ló pọ̀ jù níbẹ̀, Wọlé Òkè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ PDP ló darí ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, Bámidélé Salam ni wọ́n tún gbé e fún, PDP lòun náà nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àwọn méjèèjì ti wá. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Matthew Urhoghide ti PDP ṣe é, Aliyu Wadada gbà á lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ SDP ló sì fi wọlé. Abùjá kì í ṣe ibi tí à ń wò ṣàwòkọ́ṣe lójoojúmọ́, àwa náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lè fojú ríran dé ìwọ̀n yìí lọ́hùn-ún, kí ló ń ṣe ojú tiwa?

Wọ́n á tún ní alátakò máa sọ ọ́ di òṣèlú. Kó sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n, kò lè dá owó padà sápò ìjọba, àbọ̀ ló lè kọ. Ilé lódindi ló máa pinnu, ẹgbẹ́ yín ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù nínú àbọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín lè dìbò lé lórí? Àwọn míì sọ fún akọ̀ròyìn wa pé alátakò kò kù nílé mọ́, gbogbo wọn ti sọdá. Òótọ́ ni, àwọn aṣòfin wa ti sọ ẹgbẹ́ òṣèlú di aṣọ ìgbà. Ohun tí abala 109 wí nípa àga ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀, a ó padà sórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Tí kò bá sí alátakò kankan, ẹ mú aṣòfin tí kò sí nínú àwọn aṣíwájú Ilé, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní gbangba.

Àwáwí owó ló máa ń kẹ́yìn. Pé Ilé kò lówó, pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ kò tó, pé kò sẹ́ni tó máa bá wọn ṣe ìwádìí. A bá àwọn òṣìṣẹ́ Ilé kẹ́dùn. Ní 2021 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ PASAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2018 ni àtúnṣe ìwé òfin ti ní kí owó Ilé máa lọ tààrà sọ́wọ́ Ilé. Tí gómìnà bá sì di owó yẹn mú, ta lòfin ní kó bi í? Ẹ̀yin náà kọ́? A sì rántí pé nígbà tí Báńkì Àgbáyé gbé ètò SFTAS kalẹ̀ ní 2018, tí owó rẹ̀ padà di bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là lápapọ̀, pé ìpínlẹ̀ tó bá gbé ìṣirò owó rẹ̀ síta lásìkò yóò rí nǹkan gbà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sáré gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìsí akọ̀wé kò dí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ti kọmíṣánnà tí wọ́n pè tí kò wá, tí ìgbìmọ̀ tún wá ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ṣé eré lẹ̀ ń ṣe ni? Abala 128 ní kí ẹ wádìí bí wọ́n ṣe ń náwó ìlú, kí ẹ tú ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá síta. Abala 129 ní tí ẹ bá pe ẹnì kan tó kọ̀ tí kò wá, ẹ lè fún ọlọ́pàá níwèé kí wọ́n mú un wá. Ẹ̀yin lẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí a dìbò fún yín, ẹ̀yin lẹ gbé Bíbélì àti Kùránì búra. Òfin fún yín ní pàṣán, ẹ fi ń na eṣinṣin.

Kò sí èyí tó nílò ìbuwọ́lù gómìnà nínú ohun tí à ń béèrè. Abala 101 fún Ilé láṣẹ láti tò ìlànà ìjókòó ara rẹ̀. Ọjọ́ kan tó fún un. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ni yóò máa ṣe alága ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú. Ẹ kọ gbèdéke tí ìgbìmọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀. Tí 90 ọjọ́ bá tó olùṣàyẹ̀wò, ó tó ẹ̀yin náà. Ẹ dín ìgbìmọ̀ yòókù kù títí aṣòfin kan kò fi ní wà nínú ju méjì lọ. Àwọn tó bá pàdánù oyè alága á bínú, wọ́n á sì tún fara balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú bá kọ́kọ́ jókòó, akọ̀ròyìn wa yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó padà. Ẹ wá àga fún un lọ́tẹ̀ yìí.