Àbúrò, Má Dọ̀bálẹ̀ fún Gyogamnim

Àbúrò, mo gbọ́ pé o ń di ẹrù lọ sí Kòríà láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá yín ti sọ fún gbogbo ìjọ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, pé ọmọ òun ń lọ sókè òkun, bí ẹni pé Òṣogbo ni Peckham wà.

Kí ẹni tó ń gbọ́ wa láti Ìbàdàn má tíì ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ o. Físà E-2 tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ará Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Páásìpọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa kò sí níbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé inú oyún lo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé Bìrìtéènì ọwọ́ rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì àti ìwé ọlọ́pàá pé o kò dáràn rí, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ apostille, èyí tó ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè mìíràn gba ìwé náà gbọ́. Tètè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n má tètè jù: ìwé ọlọ́pàá tó bá ti lé ní oṣù 6, wọ́n á dá a padà.

Gbogbo ayé á máa kìlọ̀ fún ọ nípa ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀. Èmi kò bẹ̀rù ìyẹn fún ọ, ojú rẹ á là sí i. Ohun tó jọ tiwa ni yóò gbé ọ ṣubú.

Wo ti ìkíni. Ní Kòríà, wọn kì í pe àgbà lórúkọ, wọn kì í fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. O ti ń rẹ́rìn-ín, o rò pé o ti yege. Dúró ná. Láti ìbàdí ni wọ́n ti ń tẹ̀: ẹ̀yìn á tọ́, ọwọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ojú á wo ilẹ̀, tó bá ti tó nǹkan bíi dìgíríì 30, o mí lẹ́ẹ̀kan, o dìde. Ó parí. Tí o bá na gbalaja síwájú gyogamnim, ìyẹn igbákejì ọ̀gá iléèwé, nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa sáré pè. Wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn o, keunjeol ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ ọdún àti níwájú òkú ni wọ́n ń lò ó: ẹ̀ẹ̀kan fún alààyè, ẹ̀ẹ̀mejì fún òkú. Ọmọ Yorùbá tó bá dọ̀bálẹ̀, tó dìde, tó tún dọ̀bálẹ̀ nítorí pé bàbá kò tíì dáhùn, ó ti sin bàbá nìyẹn.

Wọ́n á tún bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí o máa lọ. Kíkí ni. Ẹni tó bá dáhùn pé òun kò tíì jẹ, tó wá jókòó, ebi ni yóò bá a níbẹ̀.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Kó tó di pé wọ́n mọ orúkọ rẹ délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n á ti bi ọ́, torí òun ni wọ́n fi ń mọ irú èdè ọ̀wọ̀ tí wọ́n máa lò. Kí òfin tó yí i padà ní June 2023, ọdún 1 ni wọ́n ń ka ọmọ tuntun sí, gbogbo ènìyàn sì ń fi 1 kún tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní January. Ọmọ tí wọ́n bí ní December 31 ti di ọmọ ọdún 2 ní ọjọ́ kejì. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń fẹnu ka ti àtijọ́. Àwọn ń fi kún un, àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa ń yọ kúrò.

Bàtà ìta kì í wọ iléèwé. Slípáàsì rẹ ni yóò máa gbé ẹnu ọ̀nà, kí o sì gbé e láti Lọ́ńdọ̀nù tí ẹsẹ̀ rẹ bá gùn: milímítà ni wọ́n fi ń wọn bàtà, tó bá ti kọjá 280, ọlọ́jà á kàn máa wo ẹsẹ̀ rẹ ni. Ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu, fi sílẹ̀ fún Peckham.

Ogójì ìṣẹ́jú ni kíláàsì kan ní pámárì. Àwọn ọmọ yẹn á fẹ́ràn rẹ, wọ́n á fọwọ́ pa irun rẹ, ṣùgbọ́n má kọ ẹ̀yìn sí wọn. Eré kan wà tó ń jẹ́ ddongchim: ọmọ á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á na ìka méjì síwájú, á sì gún ọ níbi tí ìjókòó ń bá ọ pàdé. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o máa fi kọ pátákó. Ọwọ́ rẹ á wá pàṣán. Kò sí! Ní Seoul, láti 2010 ni wọ́n ti fòfin dè é. Gawi-bawi-bo ló ń ṣe iṣẹ́ pàṣán: ìka méjì ni àlùmọ́gàjí, ẹ̀ṣẹ́ ni òkúta, àtẹ́lẹwọ́ ni aṣọ ìdìrù. Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò nu pátákó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a. Ẹni tó bá pàdánù kì í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, mo ní kí àwọn INEC wá wò ó.

Lẹ́tà f kò sí lẹ́nu wọn. “Coffee” á di “keopi”. Ìwọ tó ń sọ búrẹ́dì, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Ní kí wọ́n fi eyín òkè tẹ ètè ìsàlẹ̀, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn láìjẹ́ kí ètè méjèèjì pàdé, ó tó ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́. Fi gègé pupa ṣe máàkì tó bá wù ọ́, àmọ́ má fi kọ orúkọ ọmọ. Orúkọ tí wọ́n fi pupa kọ, ikú ló bá a tan lójú wọn.

Ọ̀sán dé. Àwo irin kan náà ló ní ihò fún ohun gbogbo: ìrẹsì lápá òsì, ọbẹ̀ omi lápá ọ̀tún, kimchi, ìyẹn ewébẹ̀ kíkan oníata wọn, àtàwọn yòókù lókè. Síbí ni fún ìrẹsì àti ọbẹ̀, igi irin méjì fún ìyókù. Má gún igi yẹn ní òró sínú ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn. Wọ́n á kìlọ̀ fún ọ pé kimchi ta. Gbọ́ tiwọn, má dárúkọ ata rodo. Ẹran á dà bí ẹni tí wọ́n fi abẹ fá. Má dúró níwájú olùpín oúnjẹ pé yóò fi kún un.

Ti ẹ̀bùn, gbàgbé iṣu àti adìyẹ òbí. Láti September 2016 ni òfin ti wà, kọfí ife kan láti ọwọ́ ọmọ tí ò ń kọ́ lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àmàlà wà ní Itaewon ní Seoul. Tí wọ́n bá gbé ọ lọ sí abúlé, wá bugeo ní ọjà, pánlá tiwọn nìyẹn, yóò bá ọbẹ̀ rẹ mu.

Wàhálà tó kù ni hoesik, àjọjẹ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àgbà kì í rọ ọtí fúnra rẹ̀: ọwọ́ méjèèjì lo fi ń rọ fún un, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà, o sì ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tó mu. O kì í mutí? Gba ife náà, fi kan ètè, gbé e kalẹ̀. Ife tó bá ṣófo ni wọ́n ń rọ sí, èyí tí kò tán, wọn kò ní fi kún un. Ìyẹn ni ààbò rẹ.

Láti ibẹ̀ ó di noraebang, yàrá orin. Gyogamnim á gba makirofóònù, ohùn á sì dùn ju bí o ṣe rò lọ, ọwọ́ rẹ á ti wọ àpò. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó ń lẹ owó mọ́ gyogamnim níwájú orí. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ló ń fún olórin ní máàkì, tó bá gba 100, ẹnì kan á mú 10,000 won, owó ilẹ̀ wọn, á fi omi díẹ̀ tọ́ ọ lẹ́yìn, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń náwó fún.