Ẹ Gbin Ewéko Òkun, Ṣùgbọ́n Ẹ Dí Páìpù Ẹ̀gbin

Ọ̀gbìn ewéko òkun lè ṣèrànwọ́ láti tún etíkun tó ti bàjẹ́ ṣe. A gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi í bo àwọn tó ń da ẹ̀gbin sókun láṣìírí.

Ajílẹ̀ tí òjò ń wọ́ kúrò lóko àti ẹ̀gbin tó ń ṣàn láti ìlú ló ń kó náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn èròjà tó ń mú ewé hù, wọ òkun. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn ewé wínníwínní tí ojú lásán kò rí a hù bo omi. Bí wọ́n bá sì ń jẹrà, wọ́n a fa ọ́síjìn inú omi tán, ẹja a kú. Náítírójìn yìí kan náà ni ewéko òkun ń jẹ dàgbà, láìgba ilẹ̀, láìgba omi odò. Ní Sanggou Bay, ní Ṣáínà, wọ́n ń gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀dá oníkarawun, ìgbẹ́ ìwọ̀nyí sì ń di oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n ìkórè ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Èyí tí àgbẹ̀ kò bá gbé gòkè, tó jẹrà síbẹ̀, ti dá ohun tó gbà padà sínú omi.

Ẹ wo Qingdao, ìlú etíkun kan ní Ṣáínà, lọ́dún 2008. Ewé tútù yọ̀yọ̀ bo òkun tí wọ́n fẹ́ lò fún ìdíje ọkọ̀ ojú omi Òlíḿpíìkì. Ohun tí wọ́n kó kúrò lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Àwọn onímọ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé oko ewéko òkun ní Jiangsu, ẹkùn mìíràn ní Ṣáínà. Ara okùn tí wọ́n fi ń gbin ewéko lóko ló ti hù, wọ́n ha á dà sómi, omi tó kún fún ajílẹ̀ sì bọ́ ọ yó. Oko nìkan kọ́ ló jẹ̀bi, omi náà jẹ̀bi.

Ní Gulf of Mannar, ní Íńdíà, Kappaphycus, irú ewéko òkun kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀gbìn tàn dé orí iyùn òkun, ó sì bò ó pa.

Nítorí náà, kí ìjọba tó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú oko yìí fi dandan lé e pé irúgbìn tó jẹ́ ti òkun ibẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí oko má sì ṣíji bo iyùn tàbí koríko ìsàlẹ̀ òkun. Kí àwọn ará etíkun ni ín. Ní Zanzibar, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, àwọn náà ni òkun tó ń gbóná sí i ń ba ìkórè wọn jẹ́. Kí ilé-iṣẹ́ kankan má sì lè tọ́ka sí oko kan láti fi tọrọ àyè àtida ẹ̀gbin sómi. Ọjọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lu ìwé oko ni kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ọjọ́ tí páìpù ẹ̀gbin yóò dí.